Kọ̀ǹpútà Ló Ṣírò, Ta Ló Yan Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwádìí àwọn onímọ̀ tó ń fi àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tọpa ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe ènìyàn léṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni kíkọ ètò orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ náà fi jẹ mí lógún. Bí wọ́n bá gbé àwòrán rẹ̀ síwájú ilé ẹjọ́, yàrá kan tó mọ́ tónítóní ni ojú máa ń rí, tí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ti ara ògiri wá, tí gbogbo wọn sì pàdé lójú kan láàárín yàrá, pé ibẹ̀ ni orí ẹni tí wọ́n lù wà nígbà tí wọ́n lù ú. Ojú á gbà á, ọkàn náà á sì gbà á, nítorí pé ó jọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rárá.

Ìṣirò tí ètò náà ń ṣe kì í sábà kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìṣirò náà tó bẹ̀rẹ̀, ènìyàn kan ti jókòó ti àwòrán, ó ti yan ẹ̀kán bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó ti fi ọwọ́ fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé lílù ló mú ẹ̀jẹ̀ náà fọ́n, pé kò ti ẹnu ẹni tó ń wúkọ́ wá, kò sì ti ara ọ̀bẹ tí wọ́n fì sókè wá. Ẹ̀rọ kọ́ ló ń ṣe ìpinnu wọ̀nyí. Ohun tí ènìyàn náà bá kó lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ yóò ṣírò. Ìpinnu wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àwọn ni wọ́n lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n.

Ìmọ̀ náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1895, Eduard Piotrowski, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìmọ̀ ìṣègùn tó jẹ mọ́ òfin ní Kraków, tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fọ́n bí wọ́n bá lu ènìyàn lórí. Ehoro ni ó fi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ohun tí a kò ní fàyè gbà lónìí. Ní 1939, Victor Balthazard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ìbú àti gígùn àbàwọ́n lè sọ igun tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé fún wa. Kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀kán tó wà lófuurufú rí roboto. Bí ó bá lu ògiri lọ́gangan, àmì roboto ni yóò fi sílẹ̀; bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, àmì náà á gùn, bí ó bá sì ṣe gba ẹ̀gbẹ́ tó ni yóò ṣe gùn tó. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe irú àwòrán roboto tó gùn bẹ́ẹ̀ ní ellipse. Bí a bá pín ìbú rẹ̀ pẹ̀lú gígùn rẹ̀, ohun tí a rí ni sáìnì (sine) igun náà, iye tí a fi ń mọ bí igun ṣe tóbi tó. Àbàwọ́n tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9, ìdajì ni ìpín rẹ̀, igun tí sáìnì rẹ̀ jẹ́ ìdajì sì ni dígíríì 30.

Ní Amẹ́ríkà, Paul Kirk ti yunifásítì ìlú Berkeley ló gbé ìmọ̀ yìí wọ inú ẹjọ́ ńlá kan ní 1955, nígbà tí ó kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ògiri iyàrá ìyàwó dókítà Sam Sheppard nítòsí Cleveland, ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi pé ó pa ìyàwó náà, tí Kirk sì sọ níbẹ̀ pé ó jọ pé ọwọ́ òsì ni apànìyàn náà fi ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ẹjọ́ Sheppard gbọ́ ní 1966, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Herbert MacDonell tẹ ìwé ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1971, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ wákàtí 40, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan péré, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń gbà títí di òní. Mo rò pé ó yẹ kí òǹkàwé mọ èyí kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Kí ẹ̀rọ tó dé, okùn gidi ni wọ́n ń lò. Olùṣèwádìí á wọn ìbú àti gígùn àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, á ṣírò igun rẹ̀, á lẹ okùn mọ́ ìdí rẹ̀ lára ògiri, á fà á jáde ní igun tí ó ṣírò, á sì so orí kejì mọ́ ọ̀pá. Bí okùn bá ti pọ̀ tó, ibi tí wọ́n ti pàdé ni wọ́n ń gbà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ̀. Iṣẹ́ náà ń gba wákàtí púpọ̀, nínú yàrá tó yẹ kí ẹsẹ̀ má pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tú okùn tán, kò sí ohun tí agbẹjọ́rò tàbí onímọ̀ mìíràn lè padà wá wò ju fọ́tò àti àkọsílẹ̀ lọ.

Alfred Carter, onímọ̀ físíìsì ní Carleton University nílùú Ottawa, ló kọ ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ okùn ṣe. BackTrack ni orúkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Kánádà sì wà lára àwọn tó lò ó. Olùṣèwádìí kò ní láti lẹ okùn kankan mọ́ ògiri mọ́. Á ya fọ́tò àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wọn bí ó ṣe jìnnà sí igun yàrá àti sí ilẹ̀, á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Carter ni bí ó ṣe fi físíìsì sọ ibi tí ó yẹ kí a gbà á gbọ́ àti ibi tí kò yẹ. Bí a bá wo yàrá náà láti òkè, bí ẹni pé a ṣí òrùlé rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan gbà jẹ́ ìlà tààrà, ì báà jẹ́ pé ó yára tàbí ó falẹ̀, nítorí pé òòfà ilẹ̀ ń fà á sí ìsàlẹ̀ nìkan, afẹ́fẹ́ sì ń dín eré rẹ̀ kù láì yí i sí ọ̀tún tàbí òsì. Nítorí náà, ibi tí àwọn ìlà bá ti pàdé lójú ilẹ̀ ṣeé gbára lé bí wíwọ̀n bá dára. Gíga rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tààrà kò mọ̀ pé ẹ̀kán náà ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀, nítorí náà gíga tí ó ń fúnni máa ń ju ti òótọ́ lọ. Ohun tí a lè fi ẹnu sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣẹ̀ láti ibi tó ga ju ibí yìí lọ.

Lẹ́yìn BackTrack ni HemoSpat dé, láti ìlú Ottawa kan náà. Ìwádìí tí àwọn tó kọ ọ́ tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ètò náà lè lo àbàwọ́n tó wà lára ojú tó dagun, irú bí àjà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yàtọ̀ sí ògiri tó nàró àti ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lónìí, ẹ̀rọ lésà tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sáàárín yàrá láti wọn gbogbo ibẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà, àwọn ètò bíi FARO Zone sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ara ògiri, àga, ìlẹ̀kùn àti ibùsùn sínú àwòrán yàrá kan ṣoṣo. Èyí wúlò púpọ̀. Yàrá náà á wà títí nínú fáìlì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kun ògiri rẹ̀ tí ayálégbé mìíràn sì ti kó wọlé, onímọ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá gbà sì lè padà sínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Okùn kò lè fún wa ní èyí láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi bí wíwọ̀n náà ṣe rí hàn yín, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi fìdí sí.

Àwọn olùwádìí ní Iowa State University ti gbé àwòrán ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́n nínú yàrá ìwádìí jáde fún gbogbo ayé, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe lù ú àti bí ó ṣe jìnnà tó. Wọ́n ya wọ́n lọ́nà tó ṣe kedere gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí mìlímítà kan fi jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 24, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Mo máa ń ṣí wọn nínú Fiji, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ń lò fún àwòrán. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń béèrè lọ́wọ́ mi ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ parí sí tí bébà bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà tí mo lè sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì: bí mo bá sún un díẹ̀, etí àbàwọ́n tó ṣú díẹ̀ á wọ inú ìwọ̀n, bí mo bá dá a padà, á jáde. Kò sí ohun tó sọ fún mi pé ibí ni kí n dúró sí ju ojú mi lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìrù. Ẹ̀kán tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé máa ń ní ìrù tín-ínrín níwájú, ní ọ̀nà tí ó ń lọ, ìrù yìí kò sì sí lára ellipse tí ìṣirò Balthazard ń sọ. Bí mo bá ní kí Fiji fúnra rẹ̀ bá mi wọn àbàwọ́n náà, ìrù wà lára ohun tí yóò kà. Àbàwọ́n mìlímítà 9 á di mìlímítà 11, igun dígíríì 30 á sì di dígíríì 24. Nítorí náà mo ní láti fi ọwọ́ fa ellipse náà, kí n jẹ́ kí ó bá ìdí àbàwọ́n tó tẹ́ mu, kí n sì fojú inú wo ibi tí orí rẹ̀ ì bá parí sí bí kò bá sí ìrù. HemoSpat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dábàá ellipse fún olùṣèwádìí, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un láti sún un, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti dagun díẹ̀ sí ògiri nígbà tí wọ́n ya fọ́tò, àṣìṣe mìíràn ti wọlé kí a tó dé orí ellipse rárá.

Báwo ni àṣìṣe kékeré ṣe tóbi tó? Ó dá lórí ìrísí àbàwọ́n náà, èyí sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àbàwọ́n mìlímítà 4.5 sí 9. Bí mo bá ṣi ìbú rẹ̀ wọ̀n ní ìdajì mìlímítà, tí mo pè é ní 5, igun náà á kúrò ní dígíríì 30, á di bíi 34. Lórí ìrìn mítà kan, ìyẹn á sún gíga ibi tí a rò pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Kò dára, ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà. Wàyí o, ẹ mú àbàwọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ roboto, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 8.5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 9. Igun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígíríì 71. Bí mo bá fi ìdajì mìlímítà kan náà ṣi ìbú rẹ̀ wọ̀n, tí mo pè é ní 9, igun náà á fò lọ sí dígíríì 90. Ìdajì mìlímítà ti gbé wa sún dígíríì 19! Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú fi máa ń yẹra fún àbàwọ́n roboto, tí wọ́n sì ń wá èyí tó gùn, tí etí rẹ̀ dán, tó sì ń lọ sókè nígbà tó lu ògiri. Yíyẹra náà tọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu ènìyàn ni, ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ bákan náà kò sì ní yan àbàwọ́n kan náà lára ògiri kan náà. Ó yẹ kí ètò kọ̀ǹpútà máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó máa sọ pé nínú ọ̀ọ́dúnrún àbàwọ́n tó wà níbẹ̀, méjìdínlógún ni a lò, ìdí tí a kò fi lo ìyókù sì nìyí.

Mo sọ lókè pé ìlà tààrà máa ń gbé gíga sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yẹ kí a fi iye sí i. Bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bá ń sá eré mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ògiri tó jìnnà sí i ní mítà kan, ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni yóò lò lójú ọ̀nà, òòfà ilẹ̀ á sì ti fà á wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí eré rẹ̀ bá jẹ́ mítà 5, á ti di sẹ̀ǹtímítà 20. Bí ó bá sì jẹ́ pé mítà méjì ni ògiri jìnnà sí i pẹ̀lú eré mítà 5 kan náà, ó ti di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 78. Ní ilé ẹjọ́, sẹ̀ǹtímítà 78 ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dìde dúró tó fẹ́ jà àti ẹni tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnìkan lè tìtorí rẹ̀ gba ìdájọ́ ìpànìyàn dípò ìgbèjà ara ẹni. Síbẹ̀, ètò náà kò mọ eré tí ẹ̀kán náà ń sá, nítorí pé igun nìkan ni a fún un. Bí wọ́n bá gbé àwòrán jáde tí wọ́n fi àmì sí ojú kan pé ibí gan-an ni, láì fa ìlà gígùn láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ láti fi hàn pé ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ti sọ ju ohun tí ìṣirò wọn sọ lọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yanjú rẹ̀. Nick Laan, Karla de Bruin, Daniel Bonn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Netherlands tẹ ìwádìí kan jáde ní 2015, nínú èyí tí wọ́n ti fọ́n ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ ní mítà kan sí ògiri. Wọ́n fi ẹ̀rọ scanner wọn bí àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó lẹ́yìn tó gbẹ, wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀kán náà ti pọ̀ tó, wọ́n sì fi ìmọ̀ bí ohun olómi ṣe ń tẹ́ nígbà tó bá lu nǹkan ṣírò eré tó fi wọlé. Nígbà tí wọ́n ti òòfà ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bọ inú ìṣirò náà, ibi tí wọ́n rí súnmọ́ òótọ́ ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti ìlà tààrà lọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí pé ó fi ìwọ̀n tòótọ́ dípò ohun tí a ń fojú fò. Ohun tó kù ni pé ògiri ilé ènìyàn kì í rí bí ojú tó dán nínú yàrá ìwádìí: ọ̀dà tó ti hó wà níbẹ̀, bébà ògiri wà níbẹ̀, aṣọ ìkélé tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí gbé mi dé orí ohun tó ń dùn mí jù. Gbogbo ìṣirò tí mo ti ń sọ láti òkè wá wúlò bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀ náà fọ́n láti ojú kan nítorí pé nǹkan lù ú. Bí a bá kó àbàwọ́n tí ẹ̀jẹ̀ inú irun fi sára aṣọ nípa fífarakàn lé ètò náà lọ́wọ́, kò ní kọ̀ ọ́. Á bá wa ṣírò igun, á bá wa fa ìlà. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá àtijọ́ kan pé ó yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì ní 2000. Àbàwọ́n mẹ́jọ tó kéré jọjọ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé. Àwọn onímọ̀ tí ìjọba pè ní ẹ̀jẹ̀ tí ìbọn fọ́n ni. Àwọn tí olùjẹ́jọ́ pè ní irun ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kan aṣọ rẹ̀ nígbà tó nà wọ inú ọkọ̀ láti gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jáde. Wọ́n dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kẹta sì dá a sílẹ̀ ní 2013. Ènìyàn mìíràn ni wọ́n ti rí ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi ṣáájú. Kò sí sọ́fítíwíà tí ì bá yanjú àríyànjiyàn lórí àbàwọ́n mẹ́jọ yẹn, nítorí pé kí a tó ṣí i ni a ti ní láti mọ ohun tó fà á.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo fà yọ. Ìròyìn tí àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà (National Academy of Sciences) gbé jáde ní 2009 lórí ìmọ̀ ìwádìí ọ̀daràn sọ pé àìdánilójú inú iṣẹ́ yìí pọ̀ gidigidi, àti pé èrò ọkàn àwọn tó ń ṣe é pọ̀ nínú àbájáde wọn ju sáyẹ́ǹsì lọ. Ní 2021, ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ti fi àwòrán ẹ̀jẹ̀ 192 han onímọ̀ 75 tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, ìdáhùn wọn sì lé ní 33,000. Níbi tí wọ́n ti mọ ohun tó fa ẹ̀jẹ̀ náà dájú, ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn ni kò tọ̀nà. Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n bi léèrè o. Ẹ̀rọ tí a bá gbé lé orí ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò lè dára ju ìpinnu náà lọ, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ péye tó.

Àwọn kan ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe ìpinnu yẹn fúnra rẹ̀. Láti Iowa State náà ni ìwádìí kan ti jáde ní 2020, tí wọ́n ti fi ìrísí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbàwọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ẹ̀jẹ̀ tí ìbọn fọ́n yàtọ̀ sí èyí tí lílù fọ́n. Ó ṣe dáadáa bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ̀ bá súnmọ́ bébà, àṣìṣe rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe ń jìnnà sí i. Mo fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó sọ àṣìṣe rẹ̀ ní iye, ó sì sọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré ni wọ́n kọ́ ọ láti yàn nínú wọn. Bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ ikọ́ hàn án, yóò ní ìbọn ni tàbí yóò ní lílù ni, kò ní sọ pé òun kò mọ ohun tó jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́, àyè láti dákẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kó fi kún un.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ń béèrè ṣeé ṣe, kò sì gbówó lórí. Kí ẹni méjì tí kò rí iṣẹ́ ara wọn fa ellipse sí àbàwọ́n kan náà, kí ètò náà sì fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Kí ó máa fa agbègbè tí ẹ̀jẹ̀ ti lè ṣẹ̀ dípò ojú kan ṣoṣo, kí agbègbè náà sì nà dé ìsàlẹ̀ bí kò bá sí ìwọ̀n eré. Kí ó máa tún ìṣirò náà ṣe nígbà tí a bá yọ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kúrò, kí a lè rí i bóyá ẹ̀kán kan ṣoṣo ló gbé gbogbo àbájáde rù. Kí fáìlì náà lódindi, pẹ̀lú fọ́tò àtilẹ̀wá, sì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ sórí bébà nìkan. Kò sí ìdí kankan tí olùpẹ̀jọ́ fi yẹ kó ní ohun tí olùjẹ́jọ́ kò lè ṣí.

Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, gba ẹnu onímọ̀ láyè ní abala 68, ó sì sọ ní abala 84 bí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe lè wọ ilé ẹjọ́. Abala 84 ń fẹ́ kí a fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lásìkò tí wọ́n lò ó, àti pé bí wọ́n ṣe sábà ń lò ó náà ni wọ́n ṣe lò ó. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó bójú tó o fọwọ́ sí sì lè dúró fún èyí. Bí wọ́n bá gbé àwòrán ìlà ẹ̀jẹ̀ wá síwájú adájọ́ ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn lọ́la, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ṣòro rí, òótọ́ sì ni yóò jẹ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà náà kò ní àléébù kankan. Àbàwọ́n tí wọ́n kò lò, ẹni tó fa ellipse, bóyá kámẹ́rà dagun, ìdí tí wọ́n fi gbà pé lílù ni, kò sí èyí tí ìwé náà ń béèrè nínú wọn. Agbẹjọ́rò ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí onímọ̀ náà bá ṣì wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí, kó sì ti gba fáìlì náà kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.